Pèrègún Tí Bàbá Jesse Dá Gbìn

Àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n fẹ́ gé igi náà, ọ̀sán òní sì ni ọmọbìnrin kan láti Ìbàdàn wá kan ilẹ̀kùn mi ní Ìlọrà, ó ní òun ń wá a. Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Eruku ọyẹ́ ti sọ ìborùn rẹ̀ di aláwọ̀ erùpẹ̀, ó gbé báàgì ńlá kan kọ́ èjìká, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ bàtà ẹni tó ń wọ igbó. N kò fẹ́ràn àlejò tí kò ránṣẹ́ síwájú, mo sì ní ọbẹ̀ lórí iná.

"Ẹ káàsán, Màmá," ó kúnlẹ̀. "Tahirah lorúkọ mi. Iṣẹ́ lórí ewé àti igi ni mò ń ṣe ní yunifásítì. Wọ́n ní ibí ni ilé Bàbá Jesse Akínwándé."

"Bàbá mi àgbà ni. Wọn ò tíì bí mi nígbà tó kú. Kí lo fẹ́ lọ́wọ́ òkú?"

"Igi tí wọ́n ti orí rẹ̀ já bọ́ ni mò ń wá, Màmá."

Ọwọ́ mi dúró lára ilẹ̀kùn. Mo ní kó wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Bàbá Jesse jẹ́, torí kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ mọ́ ní ìlú yìí, ó sì máa ń bí mi nínú. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni. Ó kàwé díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì, gbogbo èèyàn sì rò pé tíṣà tàbí akọ̀wé ni yóò dà. Òyìnbó kan tó ń kó ewé jọ ló gbà á pé kó máa ru ẹrù òun. Nígbà tí òyìnbó náà padà sílé, Bàbá Jesse kò padà sẹ́yìn. Ó ń fẹsẹ̀ rin igbó láti Fìdítì títí dé etí odò Ògùn, ó ń já ewé, ó ń já òdòdó, ó ń tẹ́ wọn sáàárín ìwé ìròyìn àtijọ́, ó ń gbé òkúta lé wọn kí wọ́n lè gbẹ. Nígbà tí òkúta kò tó mọ́, abẹ́ ẹní ìyàwó rẹ̀ ló ń kó wọn sí. Ìyá wa àgbà máa ń sọ ọ́ fún wa pẹ̀lú ẹ̀rín pé bí òun bá yíra padà lórí ẹní, igbó ló ń dún lábẹ́ òun. Àwọn ará ìlú pè é ní Jesse Eléwé, wọ́n ní nǹkan ń ṣe é. Ọkùnrin tó yẹ kó máa kọ ebè, orí igi ló ń gùn nítorí òdòdó tí kò ṣeé jẹ. Àwọn ewé tó kó jọ ṣì wà ní Ìbàdàn, wọ́n wà lókè òkun, àwọn èèyàn ń wò wọ́n, wọ́n ń kọ́gbọ́n níbẹ̀. Ní Ìlọrà ńkọ́? Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ọmọdé kan bóyá yóò mọ orúkọ rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ ni ó já bọ́. Ó ń nawọ́ sí òdòdó lórí igi kan ní oko wa lọ́nà Imini, ẹ̀ka dá mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n gbé e wálé, kò sì dìde mọ́. Iwájú ilé wa ni wọ́n sin ín sí, láàárín ẹnu ọ̀nà tèmi àti ẹnu ọ̀nà Olúdáre àbúrò mi, nítorí inú ilé kan náà ni àwa méjèèjì ń gbé.

"Orúkọ ìdílé yín ni àwọn onímọ̀ ewé fi sọ igi náà," Tahirah wí. "A ti wá a káàkiri, Màmá, a ò rí i. Bó bá ṣì wà ní Imini, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun nìkan ló kù."

"Ó wà," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n wọn óò gé e lọ́la."

Ó dìde dúró. Mo ní kó jókòó, kí n lè ṣàlàyé fún un.

Lẹ́bàá igi náà ni pèrègún kan wà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí o bá rí pèrègún nínú oko, ààlà lo rí. Odò kékeré kan ń ṣàn níwájú pèrègún náà, lápá oko tiwa, bí èèyàn bá ń ti ojú títì bọ̀. Ìdílé Sìrájù, tí oko wọn bá tiwa pààlà, ní odò ni ààlà. Àwa ní pèrègún ni. Ilẹ̀ tó wà láàárín odò àti pèrègún ni gbogbo ìjà, ìjà náà sì ti pẹ́. Bàbá Sìrájù hú pèrègún náà nígbà kan, àwọn èèyàn wa mú ọlọ́pàá lọ bá a, ó sì ti àtìmọ́lé dé pẹ̀lú àìsàn tí kò lọ mọ́. Pèrègún náà tún hù. Lọ́dún yìí, ìdílé méjèèjì gbé ọ̀rọ̀ dé iwájú Baálẹ̀ abà. Baálẹ̀ ní pèrègún kì í dédé hù nínú igbó, èèyàn ló ń gbìn ín, nítorí náà, ààlà ni. Ó ní kí wọ́n la ojú ààlà náà gbalaja, kí ohunkóhun má dúró lórí rẹ̀, kí ìjà lè tán. Igi Bàbá Jesse wà lórí rẹ̀ gan-an. Olúdáre ti lọ háyà ẹni tó ní ẹ̀rọ agégi. Èmi náà bá a yọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá ẹjọ́ náà, mo tilẹ̀ jó díẹ̀.

Tahirah tẹ́tí gbọ́ mi tán. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fóònù rẹ̀.

"Màmá, ohun kan wà tó ń yà mí lẹ́nu. Mo ti kọ́kọ́ lọ sí àwọn ibòmíràn tí Bàbá kọ sílẹ̀ pé àwọn ti já ewé, kí n tó débí. Ẹ wo èyí. Ẹ̀yìn ọjà ni. Ẹ wo èyí, inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ wo ti Fìdítì."

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ ti Fìdítì. Mo ti ṣe tíṣà ní ilé-ẹ̀kọ́ náà rí. Àárín pápá tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù ni pèrègún náà wà, tí wọ́n ń sá yí i ká, tí bọ́ọ̀lù ń lọ há sí i lára. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a máa ń bi ara wa léèrè nínú yàrá àwọn tíṣà pé ààlà ta ni àti ta ni yóò wà láàárín pápá, a óò rẹ́rìn-ín, agogo óò sì lù.

"Gbogbo ibi tí mo dé ni mo ti bá pèrègún," Tahirah wí. "Àwọn igi tí wọ́n já ewé wọn ti lọ, wọ́n ti gé wọn. Pèrègún nìkan ló kù."

N kò nílò kó sọ ìyókù fún mi. Igi kì í tanná lójoojúmọ́. Bí Bàbá Jesse bá rí igi tí kò tíì tanná, ó ní láti padà wá nígbà tí yóò tanná, inú igbó náà sì dí nígbà ayé rẹ̀. Pèrègún ló ń gbìn síbẹ̀, torí pé kò sí ẹni tí yóò ro oko kan pèrègún kó gé e. Àmì ni. Kò bá ẹnikẹ́ni pààlà. Baba kan ń sàmì sí igi, àwa ọmọ rẹ̀ ń torí àmì náà mú ọlọ́pàá lọ bá aládùúgbò wa.

Mo gbé ọbẹ̀ kúrò lórí iná. N kò lè jẹun mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni Olúdáre ti Ọ̀yọ́ dé, mo sì lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni Olúdáre, kí n sọ òótọ́. Iléeṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn kógbá sílé, ó wálé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, ó sì gbin ọ̀pẹ sórí ilẹ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bomi rin wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀pẹ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í so. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe gbọ́ ọ. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi.

"Ta ló tún mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Èmi àti ọmọbìnrin náà."

"Ṣé ó mọ ohun tí ó lè ṣe sí ẹjọ́ wa?"

"Kò mọ̀. Torí igi ló ṣe wá."

"A jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n." Ó sún mọ́ mi. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ máa mọ̀ ọ́n lọ nínú yín."

Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú ààlà sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, kí igi lè bọ́. Ó mi orí. Ó ní bí àwa fúnra wa bá yẹ̀ ẹ́, Sìrájù yóò ní àwa náà kò gbà pé pèrègún ni ààlà, ẹjọ́ yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Mo ti rò ó kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo kàn fẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi rí ọ̀nà mìíràn ni.

"Igi tó pa bàbá wa àgbà," Olúdáre wí. "Kò wo ibà. Kò ṣeé fi kan ilẹ̀kùn. Ẹ ò lè sọ ohun kan ṣoṣo tó wúlò fún. Òun lẹ fẹ́ torí rẹ̀ kó ọ̀pẹ mi fún Sìrájù?"

Mo wo ibojì tó wà láàárín àwa méjèèjì. Simẹ́ńtì rẹ̀ ti sán, ìyàwó Olúdáre sì sá ẹ̀gẹ́ sórí rẹ̀. Mo padà wọlé, mo ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a bá ọ̀kadà lọ sí oko, èmi àti Tahirah. Mo ní kó fi ọkàn balẹ̀, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an kò tíì mọ ohun tí n óò ṣe. Jákèjádò ọ̀nà ni mo ń sọ fún Ọlọ́run pé kí ẹ̀rọ náà bàjẹ́. Kí epo rẹ̀ tán. Kí ẹni tó ni ín sùn gbàgbé.

Kò bàjẹ́. A gbọ́ ìró rẹ̀ kí a tó kọjá odò.

Gbogbo wọn ti pé. Baálẹ̀ jókòó sórí àga onírọ́bà lábẹ́ igi òròmbó kan. Olúdáre wà lápá ibí pẹ̀lú àwọn mọ̀lẹ́bí wa. Lápá ọ̀hún ni Sìrájù dúró sí pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀, àdá wà lọ́wọ́ wọn, kò sì sí koríko tí wọ́n ń fi í gé. Ojú wọn le. Láàárín wọn ni igi náà wà, èèpo rẹ̀ rí bí eérú, òdòdó sì funfun lórí rẹ̀ látòkè délẹ̀. Tahirah rí òdòdó náà, ó sì pe orúkọ Ọlọ́run. Pèrègún náà dúró ti igi, ó ga ju èèyàn lọ. Ẹni tó mú ẹ̀rọ lọ́wọ́ ti fà á, ẹ̀rọ ń ké, ọkùnrin náà sì ń gbé e lọ síbi ìdí igi.

Mo pariwo, kò gbọ́. Mo wo Olúdáre, ó mi orí sí mi, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí. Mo rí ọ̀pẹ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tútù yọ̀yọ̀, nínú ọyẹ́ tó ti pa gbogbo nǹkan lára yẹn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ kan igi, èèpo fò lọ bí ìyẹ́ adìyẹ. Mi ò mọ ìgbà tí mo dé iwájú ọkùnrin náà. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó pa ẹ̀rọ.

"Màmá! Ṣé ẹ fẹ́ kí n ṣe yín léṣe ni?"

"Bàbá," mo kọjú sí Baálẹ̀, "mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Báwo ni a ṣe ń gbin pèrègún ààlà?"

"Ìbíyẹmí, kí nìyí?" Baálẹ̀ wí. "Gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n. Ẹni ìhín á dì í mú, ẹni ọ̀hún á dì í mú, wọn á jọ tì í bọlẹ̀. Ọwọ́ méjì ló ń gbìn ín."

"Ẹni kan kì í dá a gbìn?"

"Tí ẹni kan bá dá a gbìn, ààlà ta ni àti ta ni nìyẹn?"

"Sìrájù," mo wí, "ta nínú àwọn àgbà yín ló bá tiwa di èyí mú?"

"Kò sí!" Sìrájù ké. "Ohun tí bàbá mi sọ títí ó fi kú nìyẹn! Ta ló dá a lóhùn?"

"Olúdáre, ta ló dì í mú nínú tiwa?"

Àbúrò mi wo pèrègún náà. Ó mọ̀ ọ́n. Gbogbo ìdílé wa ló mọ̀ ọ́n, ìyá wa àgbà sọ ọ́ fún wa lọ́pọ̀ ìgbà pé Jesse nìkan ló ru pèrègún náà lọ sí oko, tí àwọn èèyàn ń fi í ṣẹ̀sín lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nítorí pé pèrègún ni, kò sí ẹni tó bèèrè ìbéèrè kankan. Lójú tiwa, pèrègún ti jẹ́rìí tán.

Mo bá sọ ìyókù. Mo sọ ti pápá Fìdítì, mo sọ ti ẹ̀yìn ọjà àti ti ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, Tahirah sì fi fọ́tò wọn han Baálẹ̀. Mo ní bàbá mi àgbà ń sàmì sí igi ni. Mo ní odò ni ààlà. Ẹnì kan nínú àwọn mọ̀lẹ́bí wa pè mí ní ọ̀dàlẹ̀, n kò wẹ̀yìn wo ẹni tó jẹ́.

Baálẹ̀ dá fóònù padà fún Tahirah. "Mo ti dá ẹjọ́ yìí, mo sì dá a sódì," ó wí. "Odò ni ààlà."

Sìrájù rìn bọ̀ wá síwájú mi. Ọkùnrin síńgbọnlẹ̀ ni, òógùn sì bò ó nínú òtútù.

"Nígbà náà, ilẹ̀ tí a dúró lé yìí, tiwa ni."

"Tiyín ni."

"Igi yìí ńkọ́?"

Ìgbà yẹn ni mo tó rí ohun tí mo ṣe. Mo ti já ilẹ̀ gbà lọ́wọ́ àbúrò mi nítorí igi, igi náà sì ti bá ilẹ̀ lọ. Bí ó bá wù ú, ó lè ní kí ẹ̀rọ máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni kò sì ní dá a dúró.

"Tiyín ni," mo wí.

"Bàbá mi kú sórí ọ̀rọ̀ yìí, Màmá Tíṣà."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀. Ẹ kàn gbọ́ ni." Ó gbé àdá sókè. Tahirah ṣe bí ẹni fẹ́ sáré sí i, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Sìrájù kọjá lára mi, ó dé ìdí igi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àdá gbẹ́ ilẹ̀ yí pèrègún ká. Ó gbẹ́ ẹ títí gbòǹgbò fi yọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á tu, ó ń sunkún, ọkùnrin síńgbọnlẹ̀ yẹn. Àwọn àbúrò rẹ̀ yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wá jù ú sílẹ̀ níwájú mi.

"Ẹ gbé e lọ sílé yín. Mi ò fẹ́ rí i lórí ilẹ̀ bàbá mi." Ó nu ojú. Ó wo igi lókè, ó wo ibi tí ẹ̀rọ ti ha á lára. "Ẹ kó ẹ̀rọ yín kúrò níbí. Igi kò ṣẹ̀ mí."

Baálẹ̀ ní kí Sìrájù àti Olúdáre wá jókòó lórí ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ lọ́jọ́ mìíràn. Olúdáre kò dúró gbọ́. Ó ti gun alùpùpù rẹ̀, ó ti lọ. Tahirah fi ọ̀pá gígùn já òdòdó díẹ̀, ó tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó sì tò wọ́n sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Òdòdó náà kò tóbi tó èékánná mi. Mo wò ó, mo sì bú sẹ́kún, torí pé ó rẹwà, torí pé ó kéré, torí pé n kò lè fi han àbúrò mi kí inú rẹ̀ yọ́.

Mo gbé pèrègún náà wálé lórí ọ̀kadà, ewé rẹ̀ ń lu ẹni tó gbé mi létí, ó sì ń kùn títí a fi dé Ìlọrà. N kò mọ ibi tí n óò gbé e sí. N kò lè jù ú nù. Mo kó ẹ̀gẹ́ kúrò lórí ibojì, mo gbá a, mo gbẹ́ ihò síbi orí rẹ̀, mo sì gbìn ín. Ohun tí Bàbá Jesse fi ń sàmì sí ohun tí kò fẹ́ kó sọnù, mo fi sàmì sí òun náà. Mo bu omi sí i.

Nígbà tí mo dìde, Olúdáre dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Kò wò mí, pèrègún ló ń wò, láàárín ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ àti ẹnu ọ̀nà tèmi. Mo rí ohun tó rò. Ẹnikẹ́ni nílẹ̀ wa ló lè rò ó. Mo fẹ́ ṣàlàyé, ó ṣáájú mi.

"Ta ló bá yín dì í mú?" ó bèèrè.

"Kò sí ẹnì kankan."

"Ẹ̀yin nìkan lẹ gbìn ín?"

"Èmi nìkan ni, Dáre."

Ọyẹ́ ń fẹ́ eruku kọjá láàárín wa. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ẹ̀gẹ́ ìyàwó rẹ̀ tí mo dà sílẹ̀, ó kó o sínú igbá.

"A jẹ́ pé kì í ṣe ààlà," ó wí. Ó wọlé, kò sì ti ilẹ̀kùn.